Apá Àlàájà Lábẹ́ Tapólì

Kí n tó sọ ti ojú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti apá, nítorí apá ló kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wá wá.

Ní àwọn ọdún tí fóònù olójú ńlá kò tíì gbòde, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìtàmágà, ní Ìkòròdú. Kì í ṣe ilé tí ènìyàn lè fi yangàn. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni ọ̀gá mi gbà, tó wó ògiri àárín wọn, tó sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́ ní ìlú òyìnbó kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá bá wa. Bó bá ń ṣiṣẹ́, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ń gun òkè. Ọ̀gá mi ló ń wa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ń fi kọ̀ǹpútà to iṣẹ́, èmi náà ni mo sì ń yẹ bébà wò bó bá ti ń jáde, kí èyí tí kò dára má baà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Àwọ̀ kan ni ẹ̀rọ wa lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, kó fara balẹ̀, kí n là á yé e. Gbogbo àwòrán aláràbarà tí ẹ ń rí lára kàlẹ́ńdà, àwọ̀ mẹ́rin péré ló bí i: yẹ́lò, pupa kan tó dà bí omi sóbò, búlúù, àti dúdú. A ó tẹ yẹ́lò sórí gbogbo bébà, a ó fọ ẹ̀rọ, a ó da pupa sí i, a ó tún kó bébà kan náà padà sẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan dúdú. Nítorí náà, ẹni tó ń tẹ ojú ènìyàn kì í mọ bí ojú ọ̀hún yóò ṣe rí, àfi ìgbà tí iṣẹ́ bá kù díẹ̀ kó parí. Ó dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ tọ́ wò títí a ó fi bù ú fún àlejò.

Dúdú tó kẹ́yìn yìí ni àṣírí ọ̀gá mi. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé oníbàárà kì í kọ̀ kí òun pupa ju bí Ọlọ́run ṣe dá òun lọ. Bí olóṣèlú bá gbé fótò wá, bí ìyàwó ọ̀ṣìngín bá gbé tirẹ̀ wá, ọ̀gá mi á dín dúdú kù lójú wọn, ojú á sì mọ́ rekete. Kò sẹ́ni tó padà wá jà rí. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ráhùn pé ilé ìtẹ̀wé mìíràn ló ń ba àwọ̀ àwọn jẹ́. Bí mo bá ní ojú kò jọ ẹni tó ni ín mọ́, ọ̀gá mi á ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí ara rẹ̀ bó ṣe rí lọ ra dígí.

Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí Àlàájà fi ti Ẹ̀pẹ́ dé.

Oníṣòwò ẹja ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì dúdú. Ẹ má rò pé dúdú lásán ni mo wí. Adúmáadán ni, dúdú bí kóró iṣin, tó fi jẹ́ pé bó bá dúró sínú oòrùn, ara rẹ̀ á máa dán bí ìgbà tí omi ọ̀sà bá dákẹ́. Ó gbé fótò ara rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kàlẹ́ńdà ni òun fẹ́ fi ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìdí rẹ̀ fún wa.

Ìyá tó bí i kú kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà dé iwájú rẹ̀. Kò sí fótò rẹ̀ kankan láyé yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó mọ ojú ìyá náà dáadáa, ìyẹn àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ejìnrìn, létí ọ̀sà. Láìpẹ́ yìí, nígbàkígbà tí Àlàájà bá lọ kí i, ìyá arúgbó náà á di ojú rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, á ní ẹ̀gbọ́n òun ló dé yìí, pé ojú tí Àlàájà gbé kọ́rùn báyìí, ojú ìyá rẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ojú arúgbó náà ti ń ṣú. Dókítà ti sọ pé èyí tó kù níbẹ̀ kò ní í pẹ́ lọ. Àlàájà wá ro ó pé kí òun wé gèlè bí ìyá òun ṣe máa ń wé e, kí òun má fi àtíkè kan ojú, kí òun ya fótò, kí òun sì fi ṣe kàlẹ́ńdà ńlá tí wọ́n á gbé kọ́ sí iwájú bẹ́ẹ̀dì arúgbó, kó lè máa rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú sí i lójú pátápátá. Ìyókù, àwọn ẹbí á pín in. Ó ti ránṣẹ́ sí Ejìnrìn pé ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni òun yóò gbé e dé.

Ọ̀gá mi wo fótò náà. Iná kámẹ́rà ti tàn sí Àlàájà lójú, iwájú orí rẹ̀ funfun báláú bí ẹni tó fi ìyẹ̀fun bọ́jú.

Ọ̀gá mi fi í lọ́kàn balẹ̀ pé òun yóò jẹ́ kó mọ́ rekete.

“Ẹ má ṣe mí ní rekete o, ọ̀gá,” ni Àlàájà dá a lóhùn. “Ìyá mi ò pupa.”

Ọ̀gá mi wá béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé níbo ni òun yóò ti mọ bí àwọ̀ ìyá náà ṣe rí, nígbà tí kò sí nínú fótò. Àlàájà ká apá bùbá rẹ̀ sókè dé ìgúnpá, ó gbé apá lé orí tábìlì wa pẹlẹbẹ, láàárín agolo íǹkì méjì.

“Òun nìyí. Ìyá mi ló fún mi. Mi ò lè gé e sílẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, màá gbé e wá.”

Lóòótọ́, ó gbé e wá. Ọjọ́ tí iṣẹ́ kan dúdú, Àlàájà ti dé láàárọ̀ pẹ̀lú ìborùn funfun, tẹ̀sùbáà, àti ẹja yíyan tó fi bébà wé fún wa. A ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, nítorí ibẹ̀ ni a ti máa ń yẹ àwọ̀ wò. Iná gbọọrọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, irọ́ ló ń pa, gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń gba òótọ́. Inú wa tilẹ̀ tún dùn sí ẹnu ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ yẹn, torí pé obìnrin oníke tó ń ta korobá àti bọ́ọ̀lì ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ta tapólì tuntun kan láti orí òrùlé rẹ̀ dé orí tiwa. Ibòji dé ọ̀fẹ́. A kí i kú ọgbọ́n, a tún dúpẹ́.

Ọ̀gá mi fa bébà kan tó ti gba àwọ̀ mẹ́ta jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá Àlàájà. Ó wo apá, ó wo bébà. Ó fi awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ojú tó wà lára bébà ti ṣókùnkùn dáadáa, ó ti fẹ́ẹ̀ bá apá dọ́gba, bẹ́ẹ̀ dúdú kò tíì kàn án. Ó ní kò gba agbára mọ́, pé dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí a fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ló kù. Ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ díẹ̀, ó gbé e wá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sórí apá náà bí ẹni tó ń ka ìwé. Ó bá a mu. Àlàájà ní “Màṣáálàhú,” ó sì gbàdúrà fún ẹ̀rọ wa, àdúrà tí ẹ̀rọ náà kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé ilẹ̀ yìí. A tẹ gbogbo rẹ̀. Ó ká díẹ̀ dání lọ sí Ẹ̀pẹ́ kó lè fi han àwọn ará ilé.

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó ṣílẹ̀kùn ni Àlàájà ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò kí wa. Ó tẹ́ kàlẹ́ńdà sílẹ̀ lẹ́bàá títì, nínú oòrùn, ó ní ká wá sọ orúkọ obìnrin náà fún òun.

Mo wò ó, mo fẹ́ sá padà sínú ilé. Obìnrin tó wà níbẹ̀ pupa fòò bí ẹja tí wọ́n fi epo pa lára. Gèlè Àlàájà ló wé, imú Àlàájà ló gbé sójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe Àlàájà, áńbọ̀sì ìyá rẹ̀. Ó ní òun gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aládùúgbò òun kan wọlé, ó wò ó títí, ó wá fa òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ohùn ìsàlẹ̀ béèrè bóyá òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í bóra, pé lọ́jọ́ ogbó, kí ni òun ń wá?

Ọ̀gá mi búra pé àná ó bá apá mu, pé ojú mẹ́ta la fi wò ó. “Àfi tó bá jẹ́ apá ló yí padà, Àlàájà.”

“Apá àná ni mo gbé wá lónìí,” ni Àlàájà wí. “Mi ò yá a.”

Ọ̀gá mi gbé kàlẹ́ńdà wọ abẹ́ ibòji, Àlàájà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àná, ó na apá. Ó bá a mu. Wọ́n dìde, wọ́n gbé e bọ́ sí títì. Pupa. Wọ́n padà sí bẹ́ǹṣì. Ó bá a mu. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ijó tuntun, òógùn bo ọ̀gá mi. Ó kọ́kọ́ ní íǹkì ni, ó ní bébà ni, ó tún ní bóyá atẹ́gùn ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló ṣe é. Àlàájà jókòó pọ̀ọ́ sórí bẹ́ǹṣì, ó rẹ̀ ẹ́, ó fi ìborùn nu ojú, ó wá ń wo ìborùn náà.

“Funfun ni mo wọ̀ kúrò nílé,” ó ní. “Ta ló fi búlúù ṣan án fún mi?”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Tapólì oníke ń wò wá látòkè, ó búlúù mìnìjọ̀, oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá wá sórí bẹ́ǹṣì wa.

Àṣé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Abẹ́ ìmọ́lẹ̀ búlúù, pupa kì í lè fọhùn. Á fara pamọ́, á ṣe bí ẹni pé dúdú ni òun. Pupa àti yẹ́lò tí a kó sójú Àlàájà ló ṣókùnkùn tí a fi rò pé a ti débẹ̀, tí ọ̀gá mi fi wọ́n dúdú bí iyọ̀. Àwọ̀ méjì lè rẹ́ bí ọ̀rẹ́ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan, kí wọ́n dé abẹ́ ìmọ́lẹ̀ mìíràn, kí wọ́n máà mọ ara wọn rí. Ọ̀gá mi tó ti tẹ̀wé láti ìgbà èwe, àti èmi tí mo ń pe ara mi ní olùyẹ̀wò, a ti fi ẹnu ara wa dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó da búlúù sí wa lójú.

A tọ oníke lọ, a bẹ̀ ẹ́ kó ká tapólì rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ó kọ̀. Ó fa korobá kan yọ láti ìsàlẹ̀ ẹrù rẹ̀, ó ní ká wò ó. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ pupa, èkejì dà bí ẹran tí wọ́n bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Oòrùn ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á mọ́.

“Bùrọ̀dá,” ó sọ fún mi, “ẹ̀yin ń wá dúdú, èmi ń sá fún funfun. Kí Ọlọ́run ṣe é fún oníkálukú. Oòrùn wà lójú títì, ẹ lọ bá a níbẹ̀.”

Ọjọ́ ọjà Ejìnrìn kù sí dẹ̀dẹ̀, a kò sì rí irú bébà yẹn mọ́ láti fi bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀gá mi jókòó sórí agolo, ó fọwọ́ lérán. Nígbà tó yá, ó ní nǹkan kan wà tí àléébù ẹ̀rọ wa lè ṣe fún wa. Bó ṣe jẹ́ pé àwọ̀ kan ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì jẹ́ pé dúdú ló kéré, kí ló ní ká má dá gbogbo bébà náà padà, ká tún dúdú tẹ̀, lórí ojú nìkan? Mo wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti yí. Ẹ̀rọ yẹn ní láti tẹ dúdú kejì sórí àkọ́kọ́ gẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn gba ojú abẹ́rẹ́ fi òwú kọjá. Bó bá fi bí irun orí yẹ̀, ìyá Àlàájà á di oníimú méjì. Àlàájà kàn ní, “Ẹ ṣe é. Màá jókòó.”

A gbé tábìlì bọ́ sí etí títì, níbi tí oòrùn ti ń wo gbogbo wa lójú kan náà. Àlàájà jókòó, ó ká bùbá, ó na apá. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀ pẹ̀lú awò kékeré rẹ̀, ó fẹ́ mọ bí dúdú tó kù ṣe pọ̀ tó. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun lọ́jọ́ náà, nítorí òun nìkan ló mọ́ nínú àwọn tó ní.

Èmi wọlé lọ pèsè pélétì tuntun, abala irin tí ẹ̀rọ fi ń tẹ àwòrán sára bébà. Nígbà tí mo jáde, èrò mẹ́fà méje ti tò sẹ́yìn Àlàájà. Wọ́n ti ká apá aṣọ sókè. Àwọn ọlọ́kadà méjì wà níbẹ̀, ìyá kan tó gbé ẹ̀fọ́ lórí, àti bọ̀dá kan tó wọ kóòtù, tó jọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti ẹ́sítéètì jáde lọ sí Èkó láràárọ̀. Wọ́n rí obìnrin tó na apá, wọ́n rí ọkùnrin aláṣọ funfun tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbà pé àwọn elétò ìlera ló wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Bọ̀dá náà ti béèrè lọ́wọ́ Àlàájà bóyá ọ̀fẹ́ ni. Àlàájà ní ọ̀fẹ́ ni, kó tò. Mo rò pé ara wọn ló ti ń gbẹ̀san ìbínú àárọ̀.

Bọ̀dá fi apá tirẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tí wọ́n rí. Ọ̀gá mi kò gbójú sókè. Ó rò pé èmi ni.

“Pupa ti pọ̀ jù,” ó ní. “Ó ti bà jẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé tún ṣe.”

Bọ̀dá fi ọwọ́ kan àyà. Àlàájà wò ó tàánú-tàánú, ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó sì máa tètè sùn. Bọ̀dá dúpẹ́ gan-an, ó sì lọ. Oníke tó ti fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti wá tò sẹ́yìn ló bínú jù nígbà tó gbọ́ pé ìwé là ń tẹ̀.

Ọ̀gá mi kan pélétì mọ́ ẹ̀rọ. Bébà àkọ́kọ́ jáde: imú méjì. A jù ú nù. Ìkejì: imú kan, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú gun òkè bí ẹni tí ẹnu yà. Ọ̀gá mi yí ṣúkúrú kan díẹ̀, ó tẹ́tí sí ẹ̀rọ, ó tún yí i. Tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ Àlàájà. Nígbà tó yá, mo sá jáde pẹ̀lú ọ̀kan, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá nínú oòrùn gangan. N kò rí ibi tí apá parí sí tí bébà ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀gá mi dùn, ó ń wo ẹnu Àlàájà bóyá yóò yìn ín.

Àlàájà fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà lára bébà.

“Èmi rí ara mi,” ó ní. “Ó ku ẹni tó mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀gá mi ní kí n bá a lọ, kí n lè wá sọ fún òun. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, a wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́. Àlàájà fi nálọ́ọ̀nù wé kàlẹ́ńdà ní ìwémọ́ lé ìwémọ́, ó gbé e sáyà bí ọmọ ìkókó. Kò gbé e sílẹ̀ títí a fi gúnlẹ̀.

Ìyá arúgbó náà kéré, ó jókòó sínú iyàrá bí ẹyẹ inú ìtẹ́. Àlàájà kúnlẹ̀, ó tú kàlẹ́ńdà síwájú rẹ̀. Arúgbó gbé e sún mọ́ imú, ó ní bébà ńlá ni òun rí, kí ló wà nínú rẹ̀?  Mo bẹ àwọn ará ilé pé kí wọ́n jẹ́ ká gbé màmá bọ́ síta. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo gbójú sókè wo ewé, mo ní rárá, kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n sún un kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wọn ń wò mí bí aláṣejù. Ẹni tí tapólì bá ti dójú tì rí, ewé igi náà ń bà á lẹ́rù.

Oòrùn bọ́ sórí kàlẹ́ńdà. Arúgbó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá ibi tí ojú rẹ̀ ti ń ríran díẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tọ gèlè náà yí ká, ó sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú orí, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àlàájà ti di ìgbátí ìró rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni arúgbó wí, “ẹ káàbọ̀.”

 Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀, níbi tí eyín kò sí mọ́.

“Ìkòkò mi dà?”

Ó wá yíjú sí wa, ó ń ṣàlàyé. Ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n òun yá lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ Àlàájà lórúkọ ni òun ń bi í. Ó ní kò dá a padà. Ó ní òun kò lè béèrè, torí ẹ̀gbọ́n ni, ikú sì tún mú un lọ kí òun tó rójú rẹ̀ bá sọ ọ́. Ní báyìí tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, òun kò ní í jẹ́ kó lọ láìdáhùn.

Àlàájà ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ìgbà tí a padà sínú ọkọ̀ ló tó jẹ́wọ́ fún mi. Ìkòkò náà ń bẹ. Inú rẹ̀ ni òun ti ń se ẹja títí di àná, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ni òun sì ti sọ fún pé ogún tí ìyá òun fi sílẹ̀ fún òun ni.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìkòkò sọdá. Wọ́n sọ fún mi pé arúgbó kò jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ìdí àdògán. Ó ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀ sábẹ́ kàlẹ́ńdà, kí ẹni tó yá a lè máa wò ó.